Irin gbígbé lẹ́yìn àádọ́ta ọdún: báwo lẹ ṣe ń fi kún un tí oríkèé kò fi ń yarí?

Irin_Àná
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Mo ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Mo gbé irin dáadáa nígbà èwe, iṣẹ́ àti ọmọ títọ́ gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀, kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí mo padà sí i. Agbára ń bọ̀, mi ò lè parọ́. Àmọ́ bí mo bá ti fi kílò díẹ̀ kún un, ibì kan á yarí: bí kì í bá ṣe èjìká, á jẹ́ ìgbọ̀nwọ́. Dókítà kan ní kí n fi irin sílẹ̀ fún ọmọdé, kí n máa rìn. Ṣé òótọ́ ni? Àbí kí n kàn máa gbé fúyẹ́fúyẹ́ títí lọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí ẹ̀, ẹ bá mi dá sí i.

Ọwọ́_Físíò
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìpadàbọ̀. Iṣẹ́ físíò, ìyẹn fífi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ fara dà á.

Rírìn dára fún ọkàn, kí ẹ má fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá iṣan tó ń lọ dúró. Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún la ti ń pàdánù iṣan, ìdá 3 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ó sì ń yára sí i lẹ́yìn ọgọ́ta. Agbára tiẹ̀ ń lọ kíákíá ju bí iṣan fúnra rẹ̀ ṣe ń kéré lọ. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020 ní kí àgbàlagbà ṣe eré tó ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ó kéré tán, kí ẹni tó bá ti pé ọdún 65 sì fi èyí tó ń kọ́ ara láti dúró láìta gbọ̀ngbọ̀n kún un ní ọjọ́ mẹ́ta. Kò síbi tí wọ́n ti ní kí àgbà fi irin sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ àti èjìká yín ló kàn. Iṣan àti tẹ́ńdọ̀n, ìyẹn okùn líle tó so iṣan mọ́ eegun, kì í jọ rìn. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lára iṣan, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ẹ ó ti rí ìyàtọ̀. Púpọ̀ nínú agbára tó ń yá wá níbẹ̀rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ, tó túbọ̀ ń mọ bó ṣe ń rán iṣan níṣẹ́. Tẹ́ńdọ̀n kò lẹ́jẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, oṣù ló fi ń ka tiẹ̀, bí a bá sì ti ń dàgbà ló túbọ̀ ń falẹ̀. Ẹni tó ti gbé irin rí ló tún wà nínú ewu jù, nítorí iṣan rẹ̀ kì í pẹ́ rántí. Ó ń gbé ohun tí iṣan gbà, tí tẹ́ńdọ̀n kò tíì gbọ́ nípa ẹ̀.

Ẹ dá mi lóhùn ná: kílò mélòó lẹ máa ń fi kún un, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó?

Irin_Àná
Kílò márùn-ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí mo bá ti lè gbé tàná.

Ọwọ́_Físíò
Ó tán, a ti mú olè. Ẹ̀gbọ́n, ká ní ẹ ń ti irin 40 kílò sókè lórí, kílò 5 jẹ́ ìdá 12 àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Kò sí tẹ́ńdọ̀n ẹni àádọ́ta ọdún tí wọ́n á máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí kò ní pariwo.

Ẹ gbìyànjú èyí. Ẹ mú irin tí ẹ lè gbé ní ìgbà mẹ́jọ, tó sì jẹ́ pé ẹ ṣì lè gbé e ní ẹ̀ẹ̀mejì sí i ká ní wọ́n fipá mú yín. Ẹ má fi kílò kankan kún un. Ìye ìgbà ni kí ẹ máa fi kún: mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, títí yóò fi pé méjìlá nínú gbogbo sẹ́ẹ̀tì (ìyẹn iye tí ẹ gbé léra kí ẹ tó sinmi), láìtẹ ẹ̀yìn, láìju ara. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá mú àwo irin tó kéré jù lọ, kí ẹ fi kún un, kí ẹ padà sí mẹ́jọ. Àwo 1.25 kílò wà ní jíìmù púpọ̀, méjì rẹ̀ jẹ́ kílò 2.5. Ti 0.5 náà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń ti àwọn ọkùnrin láti kó o mọ́ irin níwájú èèyàn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ fi ẹ̀ẹ̀mejì yẹn sílẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹni tó bá ń gbé e títí apá fi kọ̀, ìgbà tó kẹ́yìn yẹn ni ara ń yẹ̀, ibẹ̀ sì ni nǹkan ti ń já.

ÌyáOnírin
Àbúrò mi, má dá dókítà yẹn lóhùn. Ọdún mi ti lé ní 65, gbígbé irin nílẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń pariwo "fúyẹ́fúyẹ́" mọ ohun kan. Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Ọsirélíà, àbájáde rẹ̀ jáde lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ ní 2018. Obìnrin 101 tí nǹkan oṣù wọn ti dúró, tí eegun wọn ti ń fúyẹ́, ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Apá kan ṣe eré fúyẹ́ nílé. Apá kejì gbé irin gidi ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, fún oṣù mẹ́jọ: ìlóṣòó pẹ̀lú irin lẹ́yìn ọrùn, gbígbé irin nílẹ̀, títì sókè lórí. Sẹ́ẹ̀tì márùn-ún, ìgbà márùn-ún, irin tó ju ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n lè gbé lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n tún ń fò sọ̀ kalẹ̀. Eegun ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ àwọn tó gbé irin fi nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún le sí i. Ti àwọn tó ń ṣe fúyẹ́ nílé ń dín kù.

Ṣùgbọ́n ẹ má ka ibi tó wù yín nìkan. Olùkọ́ dúró tì wọ́n lójoojúmọ́ tí wọ́n ń gbé e, oṣù àkọ́kọ́ sì jẹ́ ti kíkọ́ bí ara ṣe ń dúró, láìsí irin tó wúwo. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún pé eegun rẹ̀ ti fúyẹ́ kò gbọdọ̀ dá a bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó má sì ṣe àwọn eré tó ń ká ẹ̀yìn kò pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́.

Ní Bọ́sítọ́nì, Amẹ́ríkà, ní 1990, àwọn tó ti wọ àádọ́rùn-ún ọdún nílé ìtọ́jú arúgbó ni wọ́n fún ní irin fi ẹsẹ̀ gbé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré. Agbára ẹsẹ̀ wọn fi ìdá 174 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ẹ wá ń bá ọmọ àádọ́ta ọdún sọ̀rọ̀ ìsinmi!

Ẹ̀rọ_Ló_Dáa
Mọ̀mí, ẹ má bínú sí mi o. Ìwádìí náà wà tó fi hàn pé irin fúyẹ́ ń kọ́ iṣan bíi ti èyí tó wúwo, bí èèyàn bá ti gbé e títí ó fi kù díẹ̀ kí apá kọ̀. Kí ló dé tí àgbàlagbà á fi máa fi ẹ̀yìn ṣeré? Ẹ̀rọ ń darí irin fúnra rẹ̀, kò lè wó lu èèyàn. Èmi ti fi ẹ̀rọ rọ́pò gbogbo ẹ̀, ara mi sì le.

Ọwọ́_Físíò
Ẹ kò ṣìnà. Ní ti iṣan títóbi, òótọ́ lẹ sọ. Ní ti agbára láti gbé ohun wúwo àti ní ti eegun, irin wúwo ló ṣì ń borí. Ẹ̀rọ dára, pàápàá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tàbí tí ibì kan ń dùn, àmọ́ kì í kọ́ ara bó ṣe máa dúró nígbà tí kò sí ohun tó dì í mú. Ẹ lè pa méjèèjì pọ̀, kò sí ẹ̀sìn níbẹ̀.

Ohun tí mo bá yín gbà pátápátá ni pé kò sẹ́ni tó jẹ eré kankan ní gbèsè. Bí títi irin gígùn sókè lórí bẹ́ǹṣì bá ń dun èjìká, ẹ lo dọ́ḿbẹ́ẹ̀lì, irin kúkúrú tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ń dá gbé, kí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kọjú síra, kí ìgbọ̀nwọ́ súnmọ́ ìhà. Bó bá ṣì ń dùn, ẹ dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ ṣe é, ilẹ̀ á dá ìgbọ̀nwọ́ dúró kí èjìká tó fà jù. Bí ìlóṣòó bá ń dun orúnkún, ẹ gbé àpótí sẹ́yìn kí ẹ máa lóṣòó dé orí rẹ̀, ẹ dín gíga àpótí náà kù bí oṣù ti ń lọ. Ẹni tí gbígbé irin nílẹ̀ ń fa ìbàdí fún lè lo irin onígun mẹ́fà tí èèyàn ń dúró sí àárín rẹ̀, tàbí kó gbé irin sórí àwo kó má bàa tẹ̀ jìnnà. Àmọ́ ẹ má torí pé títì ń dùn kí ẹ gbàgbé fífà. Ọ̀pọ̀ èjìká tó ń wá sọ́dọ̀ mi jẹ́ ti àwọn tó ń tì lójoojúmọ́, tí wọn kì í fa nǹkan kan sí àyà.

Ẹ̀mí_Gígùn
Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa mímí, torí ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára mi.

Ní 1985, àwọn onímọ̀ kan ní Kánádà wọn ìfúnpá inú òpójẹ̀ àwọn géńdé tó ń gbé irin, nígbà tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti irin. Ní ìpíndọ́gba, ó dé 320/250. Ti ẹnì kan dé 480/350! Irin wúwo, apá tó ń kọ̀, àti mímú èémí dání ló para pọ̀ fa ìyẹn. Ara líle ni tàwọn yẹn, ó sì ń rọ̀ padà kíákíá tí wọ́n bá ti gbé irin sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí tiẹ̀ ti ga kí ó tó dé ìdí irin ní láti ro ó dáadáa.

Ohun tí mò ń ṣe nìyí. Mo máa ń wọn ìfúnpá mi nílé. Bí kò bá balẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo rìn, mo padà sílé. Mo máa ń mí jáde nígbà tí irin bá ń gòkè, mo máa ń mí sínú nígbà tó bá ń sọ̀. N kì í gbé e títí apá á fi kọ̀. Tí mo bá dìde lórí bẹ́ǹṣì, mo máa ń jókòó díẹ̀ ná, torí òògùn mi lè mú kí òòyì kọ́ mi. Ẹni tó ní àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glọkóómà náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ èémí mímú dání, ó ń gbé ìfúnpá inú ojú sókè. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé fún ọ̀pọ̀ èèyàn, irin gbígbé déédéé ń rọ ìfúnpá sílẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ tí wọn kò gbé nǹkan kan. Ẹ má torí ìyẹn ju òògùn nù o.

Apòògùn
Ó dáa bẹ́ ẹ ṣe dárúkọ òògùn. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni kì í sọ ní jíìmù kún un.

Àwọn òògùn tó ń pa kòkòrò àrùn (antibiotic) kan wà tí orúkọ wọn máa ń parí sí "-floxacin": ciprofloxacin, levofloxacin. Láti 2008 ni àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti òògùn ní Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó le jù sára wọn, pé wọ́n lè mú kí tẹ́ńdọ̀n wú tàbí kó já, pàápàá èyí tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀. Ewu náà pọ̀ jù fún ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, àti ẹni tó ń lo òògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù bíi prednisolone pọ̀ mọ́ ọn. Ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí òògùn ti tán. Nítorí náà, bí dókítà bá fẹ́ kọ ọ́ fún yín, ẹ sọ fún un pé ẹ ń gbé irin, kí ó wò ó bóyá òmíràn wà. Bí kò bá sí, ẹ lò ó bó ṣe ní kí ẹ lò ó, kí ẹ fi irin wúwo àti fífò sílẹ̀ ná, kí ẹ sì pè é kíá bí tẹ́ńdọ̀n kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn.

Àwọn tó ń lo òògùn kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù náà, bí gbogbo iṣan bá ń ro yín láìnídìí, ẹ sọ fún dókítà. Bí ìtọ̀ bá dúdú bíi tíì, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bóyá ẹ lo òògùn o, bóyá ẹ kò lò ó. Iṣan tó ń bàjẹ́ lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ní ti oúnjẹ, àgbàlagbà nílò purotéènì ju ọmọdé tí wọ́n jọ wọ̀n lọ: gíráàmù 1 sí 1.2 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, kó tiẹ̀ lé díẹ̀ fún ẹni tó ń gbé irin. Ẹni 70 kílò á wá 70 sí 84, ó sì dáa kó pín in sí oúnjẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Creatine, àfikún oúnjẹ tí àwọn agbérin máa ń lò, gíráàmù 3 sí 5 lójúmọ́ wúlò, ó ń mú kí èrè irin pọ̀ sí i fún àgbà. Ó máa ń gbé iye creatinine, èyí tí wọ́n fi ń mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, sókè nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ o, ẹ sọ fún ẹni tó ń ka àyẹ̀wò náà. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn, kó bi dókítà ná kó tó fọwọ́ kan èyíkéyìí.

Ọmọ_Jíìmù
Ẹ kúulé o, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ kékeré ni mí níbí, àmọ́ mo máa ń ti jíìmù pa lálẹ́, ojú mi ti rí nǹkan.

Bí ẹ bá ń ti irin lórí bẹ́ǹṣì láìsí ẹni tó dúró tì yín, ẹ má fi ìdè tó ń di àwo mú sí ẹ̀gbẹ́ irin. Bí ó bá há sí yín láyà, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí àwo yọ́ dànù. Èyí tó dáa jù ni kí ẹ ṣe é láàárín férémù irin tó ní ọ̀pá ìdádúró (power rack), kí ọ̀pá náà ga ju ọrùn yín lọ díẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò di irin mú. Àwọn tó ń gbé e láìfi àtàǹpàkò há a ń fi ẹ̀mí ta tẹ́tẹ́.

Ẹ̀kejì: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé irin nílẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. Ọwọ́ tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjú síwájú yẹn ni tẹ́ńdọ̀n iwájú apá ti máa ń já nítòsí ìgbọ̀nwọ́, ọkùnrin tó ti kọjá ogójì ọdún ló sì máa ń ṣe jù. Ẹ kọ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí ara yín, kí ẹ lo okùn ìdìmú bí ìka kò bá gbà. Kò sẹ́ni tó ń fún yín ní ife-ẹ̀yẹ.

Irin_Àná
Ẹ ṣeun gan-an. Èmi náà ń gbé e báyẹn, mo ti jáwọ́. Ìbéèrè méjì kù. Ìgbà wo ni ìrora jẹ́ ìrora lásán, ìgbà wo ló jẹ́ ewu? Àárọ̀ kùtù ni mo máa ń gbé irin kí n tó lọ síbi iṣẹ́, ṣé ìyẹn ò ní wàhálà?

ÌyáOnírin
Má jí láti orí bẹ́ẹ̀dì lọ ìdí irin tààrà. Àwọn timùtimù tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn máa ń mu omi lóru, wọ́n máa ń wú, ìdí nìyẹn tí a fi ń ga díẹ̀ láàárọ̀. Ní wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn jíjí, títẹ̀ ẹ̀yìn pẹ̀lú ẹrù kò dára. Dìde, wẹ̀, rìn, jẹ́ kí wákàtí kan kọjá. Tó o bá dé ibẹ̀, fi ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá mú ara gbóná títí òógùn á fi fẹ́ jáde. Lẹ́yìn náà, gbé irin òfìfo, ogún kílò yẹn náà, kó o tó fi àwo sí i. Èmi máa ń fi àwo kún un díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún kí n tó dé irin ọjọ́ yẹn. Ọmọdé lè fo ìyẹn. Àwa kọ́.

Ọwọ́_Físíò
Ní ti ìrora, ẹ fún un ní máàkì láti òdo dé mẹ́wàá. Bí kò bá ju mẹ́ta lọ nígbà tí ẹ ń gbé e, tó sì ti padà sí bó ṣe wà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹ máa bá a lọ. Bí ẹ bá jí tí oríkèé náà gan ju tàná lọ, irin tàná ti pọ̀. Ẹ dín kílò kù, ẹ má dáwọ́ dúró pátápátá, ìsinmi lásán kì í mú tẹ́ńdọ̀n le. Ara ríro tó kárí iṣan, tó ń le jù láàárín ọjọ́ kìíní sí ìkẹta, tó sì ń lọ fúnra rẹ̀, ìyẹn yàtọ̀.

Àwọn tí kò gba àsìkò: ohun tó já pẹ̀lú ariwo tí ibẹ̀ sì dúdú tàbí rọ (tẹ́ńdọ̀n apá tó já ń fẹ́ oníṣẹ́ abẹ kíákíá, kì í ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta), àyà dídùn, orí fífọ́ òjijì tó le gan-an, ẹsẹ̀ tó kú tipiri, tàbí ẹ̀yìn dídùn tí ìtọ̀ kò ṣeé mú mọ́ra mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni gbogbo wọn.

Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó yín, kí ọjọ́ kan ó kéré tán wà láàárín wọn. Lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ohun kan tí ẹ fi ẹsẹ̀ ṣe, ohun kan tí ẹ gbé nílẹ̀, ohun kan tí ẹ tì, ohun kan tí ẹ fà, kí ẹ sì gbé ẹrù rìn jìnnà díẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ dín sẹ́ẹ̀tì kù sí ìdajì fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ jẹ́ kí irin yára gòkè, kó falẹ̀ sọ̀. Yíyára yẹn ṣe kókó, òun ló ń kọ́kọ́ lọ lára àgbà, òun la sì fi ń gbá ara mú nígbà tí ẹsẹ̀ bá kọ.

Ẹ̀rọ_Ló_Dáa
Bí ìrìn àjò tàbí àìsàn bá dé ńkọ́? Ìgbà tí mo bá padà ni nǹkan máa ń ṣe mí jù.

Ọwọ́_Físíò
Ìwádìí kan tó jáde ní 2011 wo èyí. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí wọ́n ti ń gbé irin, wọ́n dín in kù gan-an fún àwọn kan, títí kan ọjọ́ kan péré lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 32. Àwọn ọ̀dọ́ kò pàdánù iṣan wọn. Àwọn tó wà láàárín 60 sí 75 ọdún pàdánù díẹ̀ nínú títóbi iṣan, ṣùgbọ́n agbára dúró. Nítorí náà, bí àyè kò bá sí, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ sàn ju òdo lọ fíìfíì. Bí ẹ bá sì ti dáwọ́ dúró pátápátá fún oṣù kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì irin tẹ́lẹ̀, kódà bó bá ń ṣe yín bí ẹni pé ẹ lè gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Irin_Àná
Mo ti dín tèmi kù láti òní. Bẹ́líìtì ńkọ́? Mo rí i pé gbogbo wọn ló ń dì í.

Ọmọ_Jíìmù
Ẹ̀gbọ́n, bẹ́líìtì ń fún ikùn ní ohun tó máa tì, ẹ lè fi gbé díẹ̀ sí i, àmọ́ kì í gba ẹ̀yìn tó tẹ̀ là. Ó tún lè mú kí ìfúnpá ga sí i, kí ẹ̀yin tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìpá bi dókítà ná. Ẹ dì í fún sẹ́ẹ̀tì tó wúwo jù nìkan, kó má ga dé ìhà, kí ẹ sì tú u kí ẹ tó lọ mu omi.